Bí A Ṣe Ń Lọ́ Bàlúùnù Fún Àwọn Ọmọdé Ní Gbangba

Bàlúùnù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó rí roboto tí a máa ń so mọ́ ògiri níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní fèrè nígbà tí a wà ní kékeré. Èyí tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a lè lọ́ síhìn-ín, lọ́ sọ́hùn-ún, títí yóò fi di ajá, idà, òdòdó tàbí adé. Ìbàdàn ni mo ti ń fi í ṣiṣẹ́, ní pàtàkì ní àsìkò Iléyá, ní Kérésìmesì, àti ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, nígbà tí àwọn òbí máa ń kó ọmọ jáde lọ sí Ọgbà Àgọ́dì tàbí ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé irú nǹkan mélòó ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe kí ó tó jáde. Mẹ́ta ni mo máa ń dá wọn lóhùn, bí ọwọ́ bá ti mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe iye ẹranko tí kò mọ̀, afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kí òun ti dá fífẹ́ dúró, tó sì mọ iye àyè tó yẹ kí òun fi sílẹ̀, ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Rírà àti ìtọ́jú

Lára ọ̀rá tí wọ́n fi di bàlúùnù náà, nọ́ńbà 260 ni kí ẹ wá. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àdììtú rárá: 2 dúró fún bí ó ṣe máa fẹ̀ tó bí a bá fẹ́ ẹ tán, ìyẹn ínǹṣì 2, 60 sì dúró fún gígùn rẹ̀, ínǹṣì 60, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 5. Èyí tí wọ́n kọ 160 sí lára tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, èyí tí wọ́n kọ 350 sí lára sì sanra jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní ohun tí ó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ọ̀rá kan sábà máa ń gba 100. Qualatex àti Sempertex wà lára orúkọ tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun mọ̀ jù lọ, owó wọn sì ga ju ti àwọn tí kò lórúkọ lọ. Nígbà kan, mo ra ọ̀rá méjì lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó búra fún mi pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. N kò tíì lọ́ ọ dé ọrùn ajá tí wọ́n fi ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn tí kò sì fọ́ wú ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, bí ẹsẹ̀ tí agbọ́n ta. Èyí tí kò dára bẹ́ẹ̀, ẹ fi kọ́ títa kókó nínú ilé. Èyí tó dára ni kí ẹ gbé jáde.

Ẹ ra páǹpù ọwọ́, irú èyí tí ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde nígbà tí ẹ bá ń tì í àti nígbà tí ẹ bá ń fà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ 260, inú wọn sì máa ń dùn láti fi hàn yín, ṣùgbọ́n èémí àkọ́kọ́ tó ń ṣí bàlúùnù tẹ́ẹ́rẹ́ le púpọ̀, itọ́ a máa wọ inú rẹ̀, ohun tó sì burú jù ni pé àwọn ọmọ tó ń wò yín yóò mú ọ̀kan tí kò tíì ní afẹ́fẹ́, wọn yóò sì fi sẹ́nu bí ẹ ti ṣe é. Ìdí tí èyí fi léwu ń bọ̀ níwájú.

Ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n fi ṣe é. Oje igi rọ́bà ni, irú igi kan náà tí wọ́n ń gbìn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ògùn àti Ẹdó, tí wọ́n máa ń kọ lára kí oje rẹ̀ funfun lè máa kán sínú ife. Oòrùn máa ń pa rọ́bà, òróró náà sì máa ń pa á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà, tàbí tó fi òrí pa ọwọ́ kí ó tó jáde nílé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bàlúùnù láì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà, nítorí òróró yóò mú kí ara rẹ̀ gbó, kí ẹ sì tó mọ̀, yóò ti dún gbàmù. Inú ọ̀rá tó nípọn, tí ẹ dì lẹ́nu dáadáa, ní ibi tó tutù tí ìmọ́lẹ̀ kò sí, ni ó ti máa ń pẹ́. Ẹ̀fun díẹ̀ tí ẹ máa rí lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni kò jẹ́ kí inú rọ́bà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ o. Nígbà tí Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣe bàlúùnù rọ́bà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1824 láti fi dá gáàsì hydrogen dúró, awẹ́ rọ́bà méjì ni ó gbé lé ara wọn, ó lẹ etí wọn pọ̀, ó sì wọ́n ìyẹ̀fun sí àárín kí ó má baà lẹ̀.

Ibi tí fífẹ́ ti ń dúró

Ẹ kọ́kọ́ na bàlúùnù náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ara rẹ̀ lè rọ̀. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu páǹpù, kí ẹ fi ìka méjì dì í mú níbẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ yóò máa rìn láti ẹnu lọ sí ìdí, ìyẹn ṣóńṣó tí afẹ́fẹ́ kò tíì dé, ìdí náà yóò sì máa kúrú sí i bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ. Níbí ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń ṣì í: wọ́n ń fẹ́ ẹ títí dé òpin, nítorí ojú wọn fẹ́ rí bàlúùnù tó kún. Bàlúùnù tó kún kò ṣeé lọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ́ oríkèé kan, ìyẹn ibi tí ẹ ti fún un tí ẹ sì yí i po, afẹ́fẹ́ tó wà ní ibẹ̀ yóò wá ibi tí yóò sá lọ, ṣóńṣó ìdí tí ẹ kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni ibi tí yóò sá sí. Bí kò bá sí ìdí mọ́, yóò gba ara rọ́bà jáde. Nítorí náà, bí oríkèé tí ẹ fẹ́ lọ́ bá ti pọ̀ tó ni ìdí tí ẹ máa fi sílẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Fún ajá tí ó ní ègé mẹ́wàá, ẹ fi bíi ìbú ìka mẹ́rin sí márùn-ún sílẹ̀. Fún idà tí kò ní ju oríkèé kan lọ, ìka mẹ́ta ti tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu páǹpù, ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí ẹ máa gbọ́ tí yóò sọ pé fíì, kí ẹ tó ta kókó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ara rẹ̀ wò. Ó yẹ kí ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, kí ó má le bí táyà kẹ̀kẹ́. Bí oòrùn bá mú, ẹ tú u sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì fẹ̀ sí i. Bákan náà ni ti bàlúùnù tí ẹ fẹ́ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà tí ẹ sì gbé jáde sí ọ̀sán gangan. Ní ọdún Iléyá kan tí n kò rí ibòji dúró sí, gbogbo bàlúùnù dúdú àti aláwọ̀ aró tí mo ti fẹ́ sílẹ̀ fọ́ tán lórí tábìlì, pá-pá-pá bí ìbọn ọdẹ, àwọn funfun àti àwọn aláwọ̀ òféèfèé sì wà níbẹ̀ láì ṣe ohunkóhun. Àwọ̀ tó dúdú ló ń gba ooru jù.

Ajá, bàbá gbogbo wọn

Ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹ̀gbẹ́ kókó mú. Láti ibi kókó náà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, apá ìdí ni ẹ sì ń lọ. Ẹ wọn ìbú ìka mẹ́ta, kí ẹ fún un níbẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún yí i po ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: imú ajá nìyẹn. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀, nítorí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ yóò tú padà. Ẹ wọn ìbú ìka méjì, kí ẹ yí i. Ẹ tún wọn ìbú ìka méjì mìíràn, kí ẹ yí òun náà, ní apá kan náà tí ẹ yí ti àkọ́kọ́ sí. Apá kan náà ni kí ẹ máa yí i sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá yí ọ̀kan sí iwájú tó sì yí èkejì sí ẹ̀yìn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú iṣẹ́ ara rẹ̀ ni.

Etí méjèèjì ni ègé kékeré méjì yẹn. Ẹ ṣẹ́ wọn kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìbejì, kí oríkèé tó wà lẹ́yìn imú àti oríkèé tó gbẹ̀yìn fẹnu kò, kí ẹ wá di etí méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì yí wọn pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Yóò dún kíìkíì, ẹ̀rù yóò sì bà yín pé ó fẹ́ fọ́. Kò níí fọ́ bí ẹ bá ti tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ bí mo ti sọ. Nígbà tí ẹ bá yí i tán, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé orí ajá dúró fúnra rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń tú mọ́. Bí a ṣe ń ti oríkèé pa nìyẹn, gbogbo ìyókù kò sì ju kí a máa tún un ṣe lọ. Ìka mẹ́ta fún ọrùn, ìka mẹ́rin mẹ́rin fún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ẹ yí wọn pọ̀. Ìka mẹ́rin fún ìbàdí, ìka mẹ́rin mẹ́rin fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ yí wọn pọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ìrù, bí ẹ bá sì ti fi àyè sílẹ̀ bó ti yẹ, ṣóńṣó tí afẹ́fẹ́ kò dé yóò ṣì wà ní ìdí rẹ̀ tí yóò máa mì.

Ìdí tí mo fi pè é ní bàbá gbogbo wọn ni pé bí ẹ bá ti lè ṣe é láì wo ọwọ́ yín, ẹranko mìíràn kò ju ìyípadà ìwọ̀n lọ. Ẹ jẹ́ kí ọrùn gùn bí apá, àgùnfọn ni. Ẹ jẹ́ kí etí gùn kí ẹsẹ̀ sì kúrú, ehoro ni. Ejò ni kò nílò ohunkóhun rárá, bí ọmọ kan bá sì ní ejò ni òun fẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì fẹ́ ẹ fún un.

Idà kò le. Ẹ ká apá ibi kókó lọ ká a bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹní, ìdajì ẹsẹ̀ bàtà ní ìká kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún àárín rẹ̀ mú, kí ẹ sì yí i pọ̀. Apá tó kù, tó gùn gbọọrọ, ni ojú idà. Ẹ sọ fún ọmọ tó gbà á pé a kì í fi í kan ojú ènìyàn, kí ẹ sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjì kò níí pé tí yóò fi gbàgbé.

Òdòdó gba bàlúùnù méjì. Ẹ fẹ́ àkọ́kọ́ kí ó ku ìka kan, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ó rọ̀, kí ẹ sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó di òrùka. Ẹ tẹ òrùka náà kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró ti ara wọn, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba, kí ẹ sì yí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ ní ibi méjì tí ẹ ti pín in. Nígbà tí ẹ bá ká a lé ara wọn tí ẹ sì yí àárín rẹ̀, ewé òdòdó mẹ́fà yóò là. Bàlúùnù aláwọ̀ ewé ni igi rẹ̀: ẹ lọ́ kókó bíńtín kan sí orí rẹ̀, kí ẹ ti kókó náà gba àárín ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá kí ó jókòó sójú òdòdó. Àwọn ìyá ni wọ́n máa ń fẹ́ràn èyí ju àwọn ọmọ lọ, n kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Níwájú àwọn ọmọ

Ẹ gba àyè kí ẹ tó dúró. Bí ó bá jẹ́ inú ọgbà, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Bí ó bá jẹ́ etí ọjà, ẹ lọ kí ìyálọ́jà. Bí ó bá jẹ́ ojú pópó àdúgbò, alága àwọn onílé ló yẹ kí ẹ rí. Ẹ wá ibòji, kí ẹ jìnnà sí ẹni tó ń sun súyà tàbí àgbàdo, nítorí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni ibi tí bàlúùnù máa gbà bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ kì í wo mọ́tò bí ó bá ń sáré tẹ̀lé nǹkan tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, nítorí náà ẹ dúró ní ibi tí ògiri tàbí ọgbà yóò ti wà láàárín yín àti títì.

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Àwọn eégún onídán kì í kọ́kọ́ kígbe pé ẹ wá wò wá. Ìlù ni wọ́n fi ń ṣíwájú, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa kàn wọ́n, agbo ti pé. Páǹpù ni ìlù tiwa. Ẹ fẹ́ bàlúùnù pupa kan, kí ẹ fi sùúrù lọ́ ọ di ajá, kí ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn láì gbójú sókè. Kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kan yóò ti dúró sí iwájú yín.

Láàárín ìṣẹ́jú kan tí ajá ń gbà yìí, ẹnu yín kò gbọdọ̀ sinmi. Ẹ bi ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ bi í ní orúkọ tí yóò sọ ajá, kí ẹ sì pa àlọ́ àpamọ̀ fún un. Mo máa ń sọ pé, “Ààlọ́ o!” wọn a dáhùn pé, “Ààlọ̀!” mo a ní, “Awẹ́ obì kan, àjẹdọ́yọ̀ọ́,” ní ìgbà tí mo bá ń lọ́ ọrùn, èyí tó gbọ́n jù láàárín wọn yóò sì ti ké pé ahọ́n ni kí n tó dé ìbàdí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti dáhùn. Ẹni tó bá ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ bàlúùnù dé ìdí.

Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà wà nínú gbogbo agbo. Ọmọbìnrin kan bíi ọmọ ọdún márùn-ún wà tó lẹ̀ mọ́ ìró ìyá rẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, nítorí ọ̀kan ti fọ́ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dé. Ìyá rẹ̀ ń tì í síwájú pé, “Lọ gbà á lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá.” Mo ní kí wọ́n má tì í. Mo jókòó sílẹ̀ kí ojú mi lè tó ojú rẹ̀, mo tú afẹ́fẹ́ tó ju bó ti yẹ lọ sílẹ̀ kúrò nínú bàlúùnù aláwọ̀ òféèfèé kan, mo sì sọ fún un pé èyí ti sùn, kò lè pariwo. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wá yọ ọwọ́ kejì kúrò ní etí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe lọ́ ohun tó ní oríkèé púpọ̀ fún un. Ejò tó rọ̀ dára fún un ju ajá tó le lọ.

Ẹ bá òbí sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó fi ohunkóhun lé ọmọ lọ́wọ́. Mo ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, mo gbé idà lé ọmọ lọ́wọ́ tán ni mo tó sọ iye owó fún ìyá rẹ̀, ìyá náà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ dá padà fún mi. Igbe tí ọmọ náà ké tú agbo mi ká. Láti mọ iye tí ẹ máa gbà, ẹ pín owó ọ̀rá kan sí 100, kí ẹ fi owó àwọn tó máa fọ́ kún un, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ àti ti ibi tí ẹ dúró sí lé e. Bí ó bá ku bíi 15 nínú bàlúùnù yín, ẹ ka àwọn tó wà lórí ìlà, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó gbẹ̀yìn pé òun ló gbẹ̀yìn, kí ẹlòmíràn má baà fi ìdajì wákàtí dúró lásán.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ewu tí mo sún síwájú. Àwókù bàlúùnù tàbí èyí tí a kò tíì fẹ́ rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Bí ọmọ bá fà á wọ ọ̀nà ọ̀fun, yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, yóò sì dí èémí pa pátápátá. Nítorí èyí ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994 fi sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí ara ọ̀rá bàlúùnù nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Èmi kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní bàlúùnù. Ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni mo ń fún, mo sì ń sọ ìdí rẹ̀. Ìrù ajá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sẹ́nu, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ọ̀kan bá fọ́, ẹ dá ohun gbogbo dúró kí ẹ ṣa àwókù rẹ̀ tán sínú àpò kan, torí ewúrẹ́ náà a máa jẹ ẹ́. Ẹ sì máa bèèrè bóyá ara ọmọ náà kò kọ rọ́bà, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn máa ń yún tàbí tí ojú wọn máa ń wú bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Kí ọmọ tó lọ, ẹ sọ fún un pé ajá náà yóò máa rù díẹ̀díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba ara rọ́bà jáde láì ṣe pé ó lu. Kí ó má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, kí ó má gbé e sórí koríko gbígbẹ, kí ó má sì mú un sún mọ́ gílóòbù. Nígbà tí ara rẹ̀ bá hunjọ tán, kí ó gbé e fún màmá kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí wọ́n sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí.